Nọ́ńbà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Sílẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 7/7/2025
Ẹ̀gbọ́n Oyèwọlé, oṣù kẹta rèé tí ẹ ti lọ. Èmi ni mo wà lórí àga yín báyìí ní ṣọ́ọ̀bù Yábàá. Ẹ̀rọ ọ́síjìn mẹ́jọ ń lọ sí ọsibítù kan ní Ìpọ̀nrí, yàrá àwọn ọmọ jòjòló. Mo ṣí kóòdù yín lórí kọ̀ǹpútà, àṣẹ tí ẹ kọ fún ẹ̀rọ náà, èyí tó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tí iná bá dé. Ẹ ní kí bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ dúró fún 1850 — ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá méjì — kó tó tan pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́. Ìwé tó bá ṣíìpù orí bọ́ọ̀dù wá ní 200 péré, ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1850 yẹn, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sí mi: "Kékeré, má fọwọ́ kàn án." Ẹ ò sọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8/7
Taoheed tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Àǹtí, àṣìṣe ni jàre. Ara Ẹ̀gbọ́n ò yá nígbà yẹn." Mo bínú. Bóyá torí pé ó lè jẹ́ òótọ́.

Ọjọ́rú, 9/7
Mo fi 200 sí i. Lórí bátìrì, kò síyọnu. Wọ́n mú iná lọ, Taoheed tan jẹnẹrétọ̀ — pọ́ǹpù ò dún. Mo dá 1850 padà. Ó dún. Iná jẹnẹrétọ̀ máa ń gbọ̀n kó tó fìdí múlẹ̀. Ẹ ti mọ̀! Taoheed dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga yín: "Ọ̀gá, ẹ má bínú o!" Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 10/7
Mo gbọ́ ikọ́ yín lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ẹtì, 11/7
Ìpọ̀nrí. Ìdánwò la lọ ṣe, kí ọmọ kankan tó lò ó. Wọ́n pa iná, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ tiwọn. Nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kò sí èyí tó dún. Nọ́ọ̀sì Fàrídà tó ń tọ́jú àwọn jòjòló náà wò mí: "Àbúrò, ṣé èyí lẹ fẹ́ ká gbé ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́?" Jẹnẹrétọ̀ wọn ti gbó. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kí iná rẹ̀ tó balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n — jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa nìkan lẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 13/7
Taoheed ní ká kọ 5000, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. "Ìyẹn á tó." Jẹnẹrétọ̀ ta ni ìyẹn á tó fún? Ẹ ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo retí yín lójú àlá. Ẹ ò wá.

Ọjọ́ Ajé, 14/7
Mo yọ nọ́ńbà yín. Mo yọ ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú. Bọ́ọ̀dù yóò máa wọn iná fúnra rẹ̀. Ìgbà tí iná bá fìdí múlẹ̀ ni yóò tan pọ́ǹpù. A padà sí Ìpọ̀nrí, a pa iná nígbà mẹ́wàá. Gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló dún, nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nọ́ọ̀sì Fàrídà lọ gbé ọmọ kan wá.

Ọjọ́ tí wọ́n sin yín, ọwọ́ mi kọ̀. Ẹlòmíì ló bá mi da yèèpẹ̀ sí sàréè yín. Tòní tí mo yọ nọ́ńbà yín, èmi ni mo dà á.