Iná tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Opó

                                        Agboolé Fáníyì,
                                        Ìṣẹ́-Èkìtì,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        12 Oṣù Kọkànlá, 1981.

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Ìsinbọ̀dé? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Bándélé tí ó wà ní Ìbàdàn ńkọ́, ṣé ó ń rántí ìyá rẹ̀? Àwa náà wà níbí, a kò kú, a kò sì sanra. Mojírádé ọmọ ọmọ mi ni ó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi ṣúgà sí ọ̀rọ̀ mi, nítorí ohun tí Ebenezer ọmọ mi ṣe nínú ilé yìí ń rí mi lára.

O rántí obìnrin ará Íńdíà tí ó gba yàrá ẹ̀yìn ilé wa, Mísíìsì Nayà, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní girama. Wáyà dé fún un pé ọkọ rẹ̀ kú ní ìlú wọn. Oko ni mo wà nígbà náà, a ń fọ́ kòkó, n kò gbọ́. Kí n tó dé, ọmọ mi ti gbé ìwé àtijọ́ kan jáde, èyí tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Òyìnbó kan tí ó ṣe ajẹ́lẹ̀ ní Íńdíà nígbà tí àwọn òyìnbó ń jọba níbẹ̀ ni ó kọ ọ́. Ó ní àwọn ará ìlà-oòrùn kì í sọ òtítọ́, pé ẹ̀rín ni wọ́n fi ń bo inú wọn mọ́lẹ̀. Ó ní àwọn obìnrin wọn kò ní èrò tiwọn, pé bí ọkọ bá kú, wọn a kó sínú iná bí èsúnsún ti ń kó sínú àtùpà.

Ọmọ mi, tí ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, gbà á gbọ́. Nígbà tí obìnrin náà lọ wẹ̀, Ebenezer kó sítóòfù rẹ̀, kẹrosíìnì rẹ̀ àti ìṣáná rẹ̀, ó tì wọ́n mọ́ yàrá tirẹ̀, kí opó má baà sun ara rẹ̀, kí ó sì sun ilé mọ́ wa lórí. Kò sọ nǹkan kan fún un. Obìnrin náà kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, kò lè bá wa jẹ ọbẹ̀ wa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n àti ẹ̀pà ni ó ń jẹ títí mo fi dé. Ó rò pé a ń lé òun jáde nítorí pé òun di opó. Mo bá a níbi tí ó ti ń di ẹrù.

Mo pe Ebenezer, mo bi í pé ta ni ó sọ fún un pé opó yóò sun ara rẹ̀.

Ó ní, “Ìwé ni, Màámi. Òyìnbó náà pẹ́ níbẹ̀.”

Mo ní, “Ìwé náà sọ tiwa?”

Mojírádé ní ó sọ ọ́, ó sì kà á: pé aláwọ̀ dúdú kì í banújẹ́ pẹ́, pé bí a bá sin òkú wa, a ti gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ebenezer rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Irọ́ nìyẹn. Kò mọ̀ wá rárá.”

Mo ní, “Ó mọ àwọn yẹn, kò mọ̀ wá? Ojú mélòó ni ó ní?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu awò ojú rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, o mọ òwe náà. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó, ọmọ mi sì ń bá wọn di pàṣán náà mú. Nígbà tí ọkọ rẹ kú, mo sùn tì ọ́ lórí ẹní, iná ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa títí ilẹ̀ fi mọ́. Ta ni ó bẹ̀rù pé o máa kó sí i?

Mo gba sítóòfù, kẹrosíìnì àti ìṣáná náà lọ́wọ́ ọmọ mi, mo kó wọn lọ bá obìnrin náà. Mo ní, “Uná rẹ rè é.” Bí a ti ń sọ ọ́ nílé ni mo ṣe sọ ọ́, ó sì yé e. Ó ṣàlàyé pé òkú ni àwọn ń sun, kì í ṣe alààyè. Pé ìyá ìyá òun ṣe opó, ó sì darúgbó kí ó tó kú. Ọ̀rọ̀ òkú sísun kò bá mi lára mu, ilẹ̀ ni kí wọ́n gbé mi sí. Ṣùgbọ́n òkú wọn ni, n kò bá a jiyàn.

Ó ṣáná, ó tan sítóòfù, ó se tíì, ó kọ́kọ́ bu tèmi fún mi. Ó dùn jù. Mo mu ún tán.

Àpótí rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì tú u. Nítorí náà, bí orúnkún rẹ bá gbà, wá ní Sátidé. Gbé ẹní rẹ dání. Opó ni ìwọ, opó ni èmi, kí a jókòó tì í bí ó ti yẹ. Bí o bá máa se nǹkan bọ̀, má fi edé sí i.

Bá mi kí àwọn ará ilé rẹ àti ìyá ìjọ yín. Mojírádé kí ọ. Ebenezer náà ní kí n kí ọ, ṣùgbọ́n mo ní kí ó kọ́kọ́ lọ kí opó tí ó wà lẹ́yìn ilé. Kò tíì lọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ dàgbà,
Adébísí, Ìyá Ebenezer.