Ẹ̀rín Ione Tarleton

Èmi, Halvor Anders Brandvold, oní-ilé-iṣẹ́ fíìmù ní Hollywood, ni mo ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Orí mi pé. Àwọn dókítà tí ọmọ mi Rolf rán wá yẹ̀ mí wò ti fọwọ́ sí i pé ó pé, ìyẹn sì dùn mọ́ mi nínú ju bó ṣe dùn mọ́ Rolf lọ. Wendell Pruitt, agbẹjọ́rò mi, ni yóò mú ìwé yìí ṣẹ. Gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti ṣe ṣáájú, mo fagi lé e.

Ìkínní: Ilé orí òkè àti ilé-iṣẹ́ fíìmù di ti Rolf. Mo mọ̀ pé yóò wó ilé-iṣẹ́ náà, yóò sì ta ilẹ̀ rẹ̀. Kí ó wó o. Oko ọsàn olóko ni èmi náà wó kí n tó kọ́ ọ, n kò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìkejì: Àlùmọ́gàjí tí mo fi ń gé fíìmù, kí wọ́n sin ín mọ́ mi. Àwọn olùdarí fíìmù tí mo gé iṣẹ́ wọn ń retí àtigbà á lọ́wọ́ mi. Wọn yóò retí rẹ̀ pẹ́.

Ìkẹta: Ajá mi, Bosun, di ti Hattie Crane tó ń se oúnjẹ mi. Òun nìkan ló ń sọ òótọ́ fún mi nínú ilé yìí: "Ọ̀gá, ajá yìí nìkan ló fẹ́ràn yín o, òun náà, ẹran ló ń wá."

Ìkẹrin: Àwọn ṣíbí fàdákà di ti Rolf. Ọmọ mi, gbọ́ ibi tí wọ́n ti wá. Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, gbogbo wa là ń sun àwọn fíìmù àtijọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀, nítorí fàdákà tó wà lára wọn. Àwọn èyí tí Ione, ìyá rẹ, ti ṣeré ni mo kọ́kọ́ sun. Ọkọ̀ ló pa Ione ní ọ̀nà etíkun nígbà tí o ṣì wà ní ọmọ ọwọ́. Ó ń lọ bá Dell Hargis, ayàwòrán fíìmù tí èmi fúnra mi gbà síṣẹ́. Lẹ́nu ọ̀nà, kó tó lọ, ó ní, "Halvor, gbogbo nǹkan inú ilé yìí lo rà. Èmi nìkan lowó ẹ ò ká." Mo fi fàdákà fíìmù rẹ̀ rọ ṣíbí, mo sì fi ń jẹun. Inú bí mi nígbà náà; inú ṣì ń bí mi.

Ìkarùn-ún: Ní gbogbo ọjọ́ ìbí rẹ lo máa ń béèrè bóyá fíìmù kan kù tí o lè fi rí ìyá rẹ. Mo ní kò sí. Ọ̀kan kù. Ó wà nínú agolo ní yàrá kọnkéré lẹ́yìn ilé-iṣẹ́, orúkọ fíìmù mìíràn ni mo kọ sí i lára. Hargis rán agbẹjọ́rò wá béèrè rẹ̀. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láé. Pruitt, fíìmù àtijọ́ máa ń jẹrà, èyí sì ti ń rùn. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí wọ́n tó wó ohunkóhun, kí ẹ sì fi han Rolf nínú gbọ̀ngàn ìwòran wa, òun nìkan.

Ní ìparí rẹ̀, Ione yíjú sí ẹ̀rọ ayàwòrán, ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe èmi ló ń rẹ́rìn-ín sí. Hargis ló wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, n kò lè sun ún, n kò sì wò ó mọ́. Ẹ̀rín yẹn kò di tèmi, n kò sì ní í jẹ́ kó di ti Hargis. Rolf, jókòó sí iwájú pátápátá, níbi tí ojú rẹ̀ yóò ti kọ sí ọ. Ìwọ ló ni ín.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi tọwọ́ bọ̀ ọ́, nílé orí òkè, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún 1953.

Halvor A. Brandvold

Àwa tí ó ṣojú wa:
Lucille Abbot, nọ́ọ̀sì
Emmett Sorley, awakọ̀