Mílímítà Márùn-ún Láàrin Èmi àti Fóònù Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ẹlẹ́dàá kò ní jẹ́ kí o rí ohun tí yóò pa ẹ̀rín mọ́ ọ lẹ́nu. Àwa náà wà, ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló ń ro mí.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ dé, pẹ̀lú ìwé kékeré inú páálí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta tí o kò fi yọjú sílé, fóònù kúkú tó láti dí àlàfo rẹ̀, o ṣeun. Tíṣà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ló ka ìwé náà fún mi. Ó ní ìtànṣán kan tí ojú kì í rí ń jáde lára fóònù, pé àwọn onímọ̀ ti fi òpin sí iye tó gbọ́dọ̀ wọ ara ènìyàn, pé kí n sì jẹ́ kí ó fi mílímítà márùn-ún jìnnà sí ara. Ogójì ọdún ni mo ti ń wọn aṣọ fún ènìyàn, ta ni yóò kọ́ mi ní ìwọ̀n? Mo rán tìmùtìmù kékeré mọ́ ibi tí etí ń kàn, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó pé géérégé. Kìkì pé n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ó tún kà á pé wọ́ọ̀tì méjì, ìyẹn ìwọ̀n agbára ìtànṣán náà, ni òpin rẹ̀ fún kílò ara kan. Ó yé mi kíá: ẹni tó bá tóbi jù ló lè gbà á jù. A lọ gun òṣùwọ̀n nílé ẹ̀rọ ìlọta. Èmi jẹ́ kílò méjìléláàádọ́ta, àbúrò bàbá rẹ tí a ń pè ní Àpáta jẹ́ méjìdínlọ́gọ́fà, ojú ẹsẹ̀ la fi í ṣe agbàpè ilé, kí ó máa gbé ìpè fún gbogbo wa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ohùn rẹ̀ lò ń gbọ́. O ní ṣé mo wà, ó ní mo wà, o ní ó dáa, o pa á. Èmi ṣì nawọ́ láti gbà á, ìpè ti parí.

Lánàá ni tíṣà gbọ́ ohun tí a ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀rín pa ara rẹ̀. Ó ní òfin kan náà ló de ẹni tó sanra àti ẹni tó rù, pé òpin náà tilẹ̀ wà nísàlẹ̀ gan-an sí ibi tí ewu ti lè bẹ̀rẹ̀, pé ohun tó bá wọ ara láàrin ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà! Ìpè rẹ tó gùn jù lọ́dún yìí, mo fi aago wò ó, kò pé ìṣẹ́jú kan. Àṣé ààbò lo fi ń bò mí! Ọmọ wo ló tún tọ́jú ìyá rẹ̀ tó báyìí?

Mo ti tú tìmùtìmù náà, mo ti gba fóònù lọ́wọ́ Àpáta, ó ń bínú pé a gba oyè lọ́wọ́ òun. Owó kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ: owó ọkọ̀. Má fi ránṣẹ́ o, ìwọ ni kí o fi wọkọ̀ wálé. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò sì sí ìwé tó ní kí n fi mílímítà kankan jìnnà sí ọ.

Ọ̀nà yóò là fún ọ, o kò ní fẹsẹ̀ kọ.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń retí ìṣẹ́jú mẹ́fà.