Èpè tí Bọ̀dá Gbọ́ Lẹ́nu Mi

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ sì kú bí ẹ ti ń fi orí kan ṣoṣo ru wàhálà gbogbo wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àjàṣẹ́ níbí, lẹ́yìn bodè. Mo kí bàbá wa, tí wọn kò pe orúkọ mi rí, tó jẹ́ pé “ìyá mi” ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi. Mo kí ìyàwó Bọ̀dá àti àwọn ọmọ. Bọ̀dá Délé fúnra wọn, ìkíni tiwọn ń bọ̀ nísàlẹ̀, nítorí tiwọn ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, tí mo sì ń kọ ọ́ ní gbangba. Gbangba ni wọ́n ti gbọ́ ohun tó bà wọ́n nínú jẹ́. Ó yẹ kí n dá wọn lóhùn ní gbangba.

Mo gbọ́ ohùn yín tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ẹ ní Bọ̀dá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Ìsẹ́yìn nígbà tí oníbàárà kan tan ìwé tí mo kà sórí fóònù rẹ̀, tí wọ́n sì gbọ́ ohùn àbúrò wọn tó ń ṣépè fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ọ̀nà yóò dí mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn kú sójú ọ̀nà Abẹ́òkúta pẹ̀lú ẹrù iṣu lẹ́yìn. Ọkọ̀ ti yá báyìí, ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Bọ̀dá kò jókòó sídìí rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní mo ti dí ọ̀nà mọ́ àwọn. Ẹ wá ní kí n pa ohun tí mo kà rẹ́, kí n sì wálé wá fi omi tútù tú èpè náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ yìí, torí mo gbọ́ pé ẹ ń sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pé ilé iṣẹ́ rédíò ni mo wà. Mi ò sí ní rédíò kankan. Mi ò ní ọ̀gá. Àwọn ìwé ìtàn àtijọ́, ti ayé ogun àti ayé àwọn ọba, ni mò ń wá kiri. Tí ẹni tó kọ ọ́ bá ti kú, mo á wá àwọn ọmọ rẹ̀, mo á tọrọ àyè, tí wọ́n bá gbà, mo á ka ìwé náà sórí ẹ̀rọ láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn, àwọn ènìyàn á sì máa rà á gbọ́. Owó ilé mi kì í falẹ̀, mo sì ń jẹun yó. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ti lówó o.

Àwọn Nàgó ibí ló ń gbọ́ mi jù. Wọ́n ń sọ èdè wa bí ẹni mu omi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò lè ka ìlà kan nínú rẹ̀, torí Faransé ni wọ́n fi kọ́ wọn níwèé. Bàbá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní biróò ìjọba dá mi dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti ń kàwé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìwé máa bá àwọn sọ̀rọ̀ bí ìyá àwọn ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ ò tíì gbọ́ ọ rí. Nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìdáyàtù ní Tokpota, tí mò ń bá wọn tajà, àwọn oníṣòwò ẹ̀gbẹ́ wa kò lè ka ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà wọn láti Nàìjíríà bá kọ sórí fóònù. Èmi ni wọ́n máa ń pè. Mi ò sì ń kà á jẹ́ẹ́. Tí oníbàárà bá ń bínú, mo á bínú; tó bá ń parọ́ pé ẹrù ti wà lójú ọ̀nà, ẹ ó gbọ́ irọ́ náà lóhùn mi. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi di ògiri mú. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹnu mi lè bọ́ mi.

Yàrá kan ni mo háyà ní Djègan-Kpèvi. Aṣọ òfì àtijọ́ tí ẹ fún mi, mo ti fi kọ́ ara ògiri, kí ohùn má baà máa ta padà. Ẹ má bínú, kò sí ohun tó ń gba ariwo bíi tirẹ̀. Àwọn tí ń jó irin wà lẹ́yìn fèrèsé mi, àwọn sẹ́míjàn, ìyẹn ọlọ́kadà ibí, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ́. Torí náà, àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń kàwé, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ti tì, tí àwọn aládùúgbò ti wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà. Ìrọ̀lẹ́ ni èmi ń lọ ṣe ìsìn tèmi, kí ẹ tó pariwo. Tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, mo á pa ìwé dé. Tí ọyẹ́ bá dé, omi gbígbóná ni mò ń mu kí ọ̀fun mi má baà dáṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí kò tíì mọ́ mi lára ni pé kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Nílé, tí ẹ bá ń sọ ìtàn, a ó máa ṣe “hẹn-ẹn”, ẹ ó sì mọ̀ pé a ò tíì sùn. Irin kékeré kan ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Ọjọ́ mìíràn wà tó máa ń wù mí kí ẹnì kan ṣáà wúkọ́.

Ìyá mi, nínú iṣẹ́ yìí mo ti kú lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti jọba, mo ti fẹ́ ìyàwó méje, mo ti lọ sógun mo sì ti sá. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí mo bá kà ló ń ṣẹ, ẹ ò bá ti wá sin mí, kí ẹ sì kí àwọn ìyàwó mi kú aráfẹ́rakù.

Ìwé tí Bọ̀dá gbọ́ yẹn, ìtàn ọmọbìnrin kan láyé ogun ni. Àṣàkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà á, ó fi í gba ìbọn méjì, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń gbé e gba orí ọ̀sà bọ̀ ní Àjàṣẹ́ yìí. Bí ọkọ̀ ti ń kúrò ní èbúté ló kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣépè. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú kí ẹ tó bí Bọ̀dá.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀, kò dára. Màmá Rúùtù, aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá kà. Ọmọ Nàgó gidi ni, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ṣé wọ́n ń tà mí ni àbí èmi ni mò ń ta tòmátì. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹjọ, ohùn náà kò wá.

Ní ìgbà kẹsàn-án, mo dijú, mo sì rí ẹ̀yìn Bọ̀dá. Mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí Bọ̀dá mú mi wá síbí, tí wọ́n ní Ìyá Ìdáyàtù yóò fi mí sílé ẹ̀kọ́. Wọ́n ra búrẹ́dì fún mi níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n jókòó, pé àwọn fẹ́ lọ ra bẹntiróòlù. Mo jókòó. Mo wo ẹ̀yìn wọn títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀. Ìgbà tí oòrùn wọ̀ ni Ìyá Ìdáyàtù tó sọ fún mi pé Bọ̀dá ti kọjá bodè tipẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ náà, mi ò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo ti wálé láìmọye ìgbà látìgbà náà, Bọ̀dá máa ń wà lẹ́nu ìrìn àjò, èmi náà kò sì bèèrè.

Ìbínú ọjọ́ yẹn ni mo fi ka èpè náà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n ìbínú inú rẹ̀, tèmi ni. Bọ̀dá kò ṣì mí gbọ́. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ti gbà pé Bọ̀dá ti gbàgbé. Àṣé wọn kò gbàgbé. Ó yà mí lẹ́nu, àánú wọn sì ṣe mí gan-an.

Ṣùgbọ́n mi ò ní pa á rẹ́. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ti ṣe nìyẹn. Àwọn tí wọ́n ta ìyá ìyá wọn gba orí ọ̀sà yìí wà láàárín àwọn tó ń gbọ́ ọ. Obìnrin kan ránṣẹ́ sí mi pé nílé àwọn, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ọ̀rọ̀ yẹn. Òun àti ìyá òun jọ gbọ́ ọ tán, ìyá òun sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ènìyàn tí òun kò gbọ́ rí. Ẹ wò ó, mi ò lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà lọ́wọ́ wọn.

Omi tútù ni mo lè ṣe, mo sì ti ṣe é. Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo bu omi, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, Màmá Rúùtù dúró tì mí. Mi ò tú èpè Àṣàkẹ́, òun ló ni í. Ìbínú tèmi ni mo dà sílẹ̀. Mo ti rò pé n ó sunkún, àṣé ebi ló máa pa mí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín àti ti bàbá wa sí kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Èyí tó kù nísàlẹ̀ yìí, mo ti kà á sórí ẹ̀rọ, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ pe Bọ̀dá jókòó kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Bọ̀dá Délé, Ìyábọ̀ ni o, kì í ṣe Àṣàkẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ọ̀nà yín á là. Bíréèkì yín á máa mú, táyà yín kò ní bẹ́, ẹ kò ní pàdé agbako. Àlọ yín á dára, àbọ̀ yín á sàn. Ẹ gbé ọkọ̀ yín jáde lọ́la. Tí ẹ bá ti ná Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, tí ọkàn yín ti balẹ̀, ẹ wá kí mi ní Àjàṣẹ́. N ó se oúnjẹ, n ó fi yàrá iṣẹ́ mi hàn yín. A ò ní fa ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ẹ kò bá fẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń bẹ̀ yín: tí ẹ bá fẹ́ máa lọ, ẹ pè mí, kí ẹ sọ fún mi pé ẹ ń lọ, kí n lè sìn yín dé ojú ọ̀nà.

Èmi ni ọmọ yín, àbúrò wọn,
Ìyábọ̀