Ohun Dúdú Tí Ẹ Rí Lójú Oòrùn

Bàbá mi àtàtà,

Oòrùn ni àtùpà pípé tí Ọlọ́run tàn. Kò lábàwọ́n kankan, ojú aláìmọ̀wé ló lábàwọ́n. Mùsé, bí a ti ń fi Faransé pe ọ̀gá Alábòójútó Ilé-ìwé, ló sọ bẹ́ẹ̀ ní Datcha, ìlú wa, lọ́dún tí ìjọba ní ká bọ́ orúkọ Òyìnbó sílẹ̀. Ó bọ́ orúkọ, kò bọ́ táì.

Ẹ rántí àárọ̀ náà tí Mùsé wá bẹ kíláàsì mi wò. Ọyẹ́ bo oòrùn débi pé ó pọ́n bí epo, èèyàn lè wò ó. Ẹ ti oko dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì mi, ọkọ́ léjìká. Ẹ ní, "Olùkọ́, ẹ jáde wá wò ó. Nǹkan dúdú wà lójú oòrùn." Olùkọ́ lẹ máa ń pè mí níwájú àwọn ọmọ, ẹ̀yin tí ẹ bí mi.

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni ìta. Mi ò jáde. Mo fi Faransé bẹ Mùsé pé kó má bínú, àgbẹ̀ àdúgbò kan lásán ni yín. Àwọn ọmọ tó mọ̀ wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ yí padà.

Bàbá, òótọ́ lẹ rí. Mo kà á lọ́sẹ̀ tó kọjá nínú ìwé ìròyìn Faransé kan. Ojú ibi dúdú náà tutù ju àyíká rẹ̀ lọ, ló ṣe dúdú. Ìgbì sì ń tinú rẹ̀ gòkè ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Bí afẹ́fẹ́ òkè ibẹ̀ ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i ni ìgbì náà ń le sí i, bíi pàṣán tí ẹ fi ń lé ẹyẹ: ìdí rẹ̀ tó nípọn kì í mì púpọ̀, ṣóńṣó tó tínrín ló ń dún pàà!

Mo wọ takisí lọ bá Mùsé ní Atakpamé, mo kà á sí i létí. Ó nu awò ojú rẹ̀. "Ṣebí ohun tí mo kọ́ yín nìyẹn?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ki ìwé náà bọ̀ ọ́ lẹ́nu!

Ṣùgbọ́n ara mi ni mo ń bínú sí jù. Ẹ̀yin náà ń bí mi nínú: ẹ délé, ẹ bá mi jẹun, ẹ ò dárúkọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà títí ẹ fi kú.

Èmi ọmọ yín ni, tó fẹ́ràn yín, tí ojú ń tì. Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ Faransé tí mo sọ lọ́jọ́ náà?