Dísíìkì Tí Ohùn Ìyá Rẹ Wà Nínú Rẹ̀

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun yó? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín ní àlọ àti àbọ̀. Ara tèmi le, àfi orúnkún tó ń ṣe fújà. Atúnkọ̀ǹpútà-ṣe àdúgbò wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe yọ èébú tí mo bá bú u kúrò.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí o fi sílẹ̀ fún mi ni. O mọ̀ pé látìgbà tí ìyá rẹ ti papò dà, inú kọ̀ǹpútà náà nìkan ni ohùn rẹ̀ tí a gbà sílẹ̀ kù sí, ibi tó ti ń bá mi jà nítorí bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tí mo wọ̀ wọ pálọ̀. Àràárọ̀ ni mo ń gbọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́-kọ́-kọ́. Inú mi dùn, mo ní ó ti jára mọ́ṣẹ́, mo ń kí i kú iṣẹ́. Nígbà tí atúnkọ̀ǹpútà-ṣe gbọ́ ọ, ó fò sókè bí ẹni tí agbọ́n ta, ó ní kí n yáa pa á, dísíìkì inú rẹ̀ ló ń kú lọ.

Ó ní àwo kan ló ń yí nínú irú dísíìkì yẹn, bó bá gbó tàbí tó ṣubú, ó parí. Ló bá mú irú tuntun jáde, tí wọ́n ń pè ní ẹ́sì-ẹ́sì-dí, ó fẹ́lẹ́ bíi bisikíìtì. Mo gbé e sétí, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní èmi ò gba òṣìṣẹ́ tí kì í mí. Ó ní torí pé nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀ ni kì í fi í tètè bàjẹ́. Mo bi í bóyá kì í kú rárá. Ó họrí, ó ní ó ń kú o, pé oníyíyí sábà máa ń kérora kó tó lọ, àmọ́ èyí lè lọ láìdágbére.

Mo ní, ó tán! Bàbá mi kò kó irúgbìn àgbàdo síbì kan ṣoṣo rí, ìdajì máa ń wà nílé, ìdajì lábà oko. Kó yáa kó ohùn náà sínú irú méjèèjì. Ó ní ohun tí òun fi ọdún méjì kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi fa ohùn náà yọ nínú dísíìkì tó ń kú lọ. Lánàá ló jáde sínú tuntun, ìyá rẹ ń jà, èmi náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Jọ̀ọ́, fi owó dísíìkì oníyíyí tuntun ránṣẹ́, ká lè kó ohùn náà sínú òun náà. Ọ̀dọ̀ rẹ nìyẹn máa gbé. Máa tàn án fáwọn ọmọ, kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń bá bàbá àgbà wọn wí. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ilé rẹ dákẹ́ láé.

Èmi ni bàbá rẹ.