Áltò Ló Kù Nínú Orin Dádì Rẹ

Àgbòyí,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Démiládé ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ilé rẹ ní Anthony ńkọ́? Olúwa tó ń gbé ọ la omi Àgbòyí kọjá láti kékeré, tí ọkọ̀ kò fi dojú dé pẹ̀lú rẹ, kò ní jẹ́ kí o rì lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Àwa náà ń mí, a dúpẹ́. Omi ti kún dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn wa, ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan kú. George ọlọ́kọ̀ ojú omi ló mú lẹ́tà yìí wá, jọ̀wọ́ fún un ní omi tútù mu, kí o sì ní kó jókòó.

Má bínú pé mi ò pè ọ́ lórí fóònù. O mọ̀ pé ilé wa kò fẹ̀, bí mo bá sọ̀rọ̀ nínú kíṣìnì, Dádì rẹ máa gbọ́ ọ ní pálọ̀. Láti oṣù mẹ́ta tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn, ọ̀rọ̀ kan kò tíì jáde lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n etí wọn ṣì dá ṣáṣá, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Mi ò tíì ròyìn ọjọ́ ilé ìwòsàn fún ọ. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ fọ́ọ̀mù béèrè orúkọ, mo ní Elkanah Akínbíyì. Ó béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, mo ní básì. Ó tún béèrè, mo ní ohùn básì ni nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ogójì ọdún, ẹja tí wọ́n ń pa, oúnjẹ lásán ni wọ́n fi ń wá. Lẹ́yìn náà ló ní wọ́n máa ya àwòrán orí wọn. Mo sáré padà wá sílé, mo lọ aṣọ akọrin wọn, mo gbé e padà lọ wọ̀ fún wọn ní ilé ìwòsàn, mo fá irùngbọ̀n wọn, mo fi páúdà díẹ̀ sí wọn lójú, kí ẹnikẹ́ni má bàa wo fọ́tò náà kó sọ pé kò sí ìyàwó nílé. Àṣé àwọn nọ́ọ̀sì máa bọ́ gbogbo ẹ̀ ni, tí wọ́n á ti Dádì rẹ sínú ẹ̀rọ kan tó rí roboto. Nígbà tí fọ́tò jáde, mi ò rí ojú, mi ò rí páúdà mi. Mo wá bi dókítà pé apá ibo ni orin wà, torí mi ò rí ohun tó jọ orin níbẹ̀.

Dókítà Bridget, ọmọdébìnrin ẹgbẹ́ rẹ, kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó fi bírò tọ́ka sí apá òsì, ó ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gbé jù, ibẹ̀ náà ni àìsàn ti bà jẹ́, ṣùgbọ́n orin ní yàrá lọ́tùn-ún àti lósì. Ó ní bí ohùn mẹ́ta bá jọ wọ etí, ẹrù kan ni wọ́n jọ jẹ́, ọpọlọ ló máa tú u, tó máa wo bí ọ̀kan ṣe bá èkejì mu. Ó ní ọpọlọ ti máa ń retí ohùn tó kàn kó tó dé, bí ẹni tó ti nawọ́ sílẹ̀ kí a tó gbé nǹkan fún un, bí kò bá sì dé, ó máa mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ni.

Lọ́jọ́ kejì tí a dé sílé, mo ń fọ abọ́, mo ń kọ orin ìkórè tí Dádì rẹ fúnra wọn ṣe, èyí tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń kọ: èmi súpránò, ìwọ áltò, àwọn básì. Démiládé, básì dá mi lóhùn láti pálọ̀. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tí kò lè pe orúkọ mi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú orin náà já geere. Mo sunkún, mo jó. A bá a dé ibi tí èmi àti àwọn máa ń dákẹ́, tí áltò máa ń dá gbé ẹsẹ kan kí a tó jọ parí. Wọ́n dákẹ́, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ojoojúmọ́ ni, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń dúró sí. Mo fúnra mi gbé áltò náà, wọ́n mi orí pé rárá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o kọ tìrẹ ránṣẹ́ lórí fóònù. Ó dé, o ṣeun. Mo gbé fóònù sórí ìrọ̀rí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, torí ẹnu Dádì rẹ ti wúwo. Ṣùgbọ́n ohùn inú fóònù kì í dúró de èèyàn. Ó kọ tirẹ̀ tán nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ tó ṣì lágbára da fóònù dojú dé, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Ó dùn mí débi pé mo bá fóònù náà wí.

Mo mọ ohun tó ń dá ọ dúró. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o sọ pé o ti bọ́ sí ìjọ mìíràn, tí Dádì rẹ ní, "Ohùn rẹ kò gbọdọ̀ dún nínú ilé yìí mọ́." Ọdún mẹ́rin nìyẹn. Ẹyin lọ̀rọ̀, mi ò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi lé ọ, wọn kò sì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi pè ọ́ padà. Ibi tí wọ́n ń dákẹ́ sí yẹn nìkan ló kù fún wọn. Dókítà sì sọ pé àìsàn yìí lè padà wá, kò sì ní kan ilẹ̀kùn.

Nípa ti owó, oògùn wọn ku ti ọjọ́ mẹ́rin, ìrẹsì ti tán, páànù orí ilé ń jò. Mo fẹ́ ní kí o fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ tán ni mo rántí pé o máa wọkọ̀ dé Kétu kí o tó wọ ti ojú omi. Má fi owó náà ránṣẹ́ mọ́, fi wọkọ̀. Mo ti sọ fún George pé kó dúró dè ọ́.

Olúwa á tọ́ ẹsẹ̀ rẹ, wàá bá wa láàyè, ọmọ tìrẹ náà á jẹ́ ọ nípè. Bí o bá dé, má kan ilẹ̀kùn. Dúró lórí àtẹ̀gùn, èmi á bẹ̀rẹ̀ orin náà. Bí o bá gbọ́ tí àwa méjèèjì dákẹ́, kí o gbé e, ọmọ mi, kí o sì rọra gbé e.

Èmi ni Mọ́mì rẹ.